Ẹ̀rọ Rẹ Gbé Ohùn Bàbá Rẹ Sí Ẹ̀yìnkùlé

Ilé Mákánjúọlá,
Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà,
Erinje, lọ́nà Òkìtìpupa.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀.

Ọmọ mi Dámiláre,

Mo kí ọ o. Mo kí Susan ìyàwó rẹ, mo kí Ayọ̀bámi ọmọ ọmọ mi, mo kí onílé yín àti ajá rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun nígbà tí mo wá kí yín. Ọlọ́run tó mú ọ la odò Olúwa kọjá tí ẹsẹ̀ rẹ kò tutù kò ní jẹ́ kí o rì sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá ń ka ìṣísẹ̀ rẹ láti fi ṣe ibi, á ṣì í kà. Bí o ṣe ń wá oúnjẹ lọ, oúnjẹ á máa wá ọ bọ̀. Bí o bá ti ṣe àmín tán, wá ibì kan jókòó sí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà lórí ìdúró. Láti ọjọ́ Ìsinmi ni ẹnu ti yà mí, n kò sì tíì rí i pa dé títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Juliet àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí ojú mi kì í rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Mo ti sọ fún un pé gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ó ti wú ẹnu bí ẹja òbọ̀kún, ó ní òun kì í ṣe akọ̀wé kóòtù. Ìwọ ni o kúkú ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní o wà ní mítíìnì, o ní kí n jẹ́ kí Juliet kọ ohun tó bá wà lọ́kàn mi, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù. Ó dára. Mítíìnì kò ní pa ọ́.

(Bùrọ̀dá, èmi Juliet nìyí. Inú àkámọ́ báyìí ni màá máa wà, Màmá kò lè mọ̀. Mi ò wú ẹnu. Ojú mi ló rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún. Mo ní ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí mi tí mo máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ń dùn mí sí, ó ti fẹ́ẹ̀ kún. Ẹ̀yin kò béèrè rí, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ó ti tó, Màmá ń wo ọwọ́ mi.)

Ilé wà dáadáa. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ti wó lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sí oko ọ̀nà Àyèká ta gan-an, a ti wú díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ti fi ṣe púpurú, ó wà lókè ààrò tó ń gba èéfín, tìrẹ wà lọ́tọ̀. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi bí ìbejì. Ọ̀kan nínú wọn ní irùngbọ̀n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó jọ ọ̀gá yín tí o fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, mo sì ti ń pè é ní Ọ̀gá. Bí mo bá ní kí Ọ̀gá kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, kì í kúrò.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí o gbé wá nígbà Àjíǹde náà wà ní àlàáfíà. Orí àpótí aṣọ bàbá rẹ ni mo gbé e kà, mo sì fi aṣọ funfun bò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí i, á kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Juliet ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ wo ẹ̀rọ náà dáadáa, ṣé ó ti rí i kí ẹ̀rọ wọ bàtà rí?

O rántí pé nígbà tí o gbé e wá, o fi fóònù rẹ ya gbogbo ìwé bàbá rẹ tó wà nínú àpò tó gbé bọ̀ láti Àbíjàn, o sì kó wọn sínú rẹ̀. Juliet kó àwọn fọ́tò ilé wa sí i. Kingsley tó ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì náà wá, ó ti orin bàbá rẹ láti inú fóònù tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ wa, Juliet sì kọ oṣù ohun kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀ bí a ṣe ń pè é nílé. Orin yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ mi. Òun ni bàbá rẹ kọ níwájú ìjọ ní oṣù Òkúdù èṣí, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀, kó tó di pé Ọ̀wàrà dé tó mú un lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe orin náà. Ó ní ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, mo ti dé o, onílé kì í kanlẹ̀kùn pẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni o wá fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí Juliet, o ní kó fi sínú ẹ̀rọ. O ní ìwọ lo ṣe é, o ní òun ni wọ́n torí rẹ̀ ń yìn ọ́ níbi iṣẹ́. O ní yóò máa ka ọjọ́ tó bá wà lára ohun gbogbo, ìbáà jẹ́ ìwé, ìbáà jẹ́ fọ́tò, ìbáà jẹ́ orin, yóò sì máa gbé kálukú lọ sí yàrá oṣù tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní kí Ọlọ́run bùsí i. Èmi gbà á bí ẹni gba ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bi Juliet pé ṣé ó ti jí, ṣé ó ti gbálẹ̀. Juliet pòṣé.

Ọjọ́ Ìsinmi wá dé. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ wa, Ìyá Mildred, bá mi wá sílé. Ó ní Wòlíì ti fọwọ́ sí i pé orin bàbá rẹ ni a ó fi ṣí ìsìn ìrántí ọdún kan rẹ̀ ní Ọ̀wàrà tó ń bọ̀, pé a ó gbé e sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí Erinje gbọ́, kí àwọn tó wà lóko gbọ́. Ó ní kí n wá orin náà sílẹ̀ ní kíá, nítorí fóònù Kingsley ti bọ́ sódò ní Ìgbọ́kọ̀dá níbi tó ti ń ná ẹja. Ẹja náà nìkan ló gbé wálé. Nítorí náà kò sí ohùn bàbá rẹ níbòmíràn nílé ayé mọ́ àfi nínú ẹ̀rọ wa.

A bọ́ bàtà, a jókòó. Juliet ṣí ẹ̀rọ. Ó tẹ yàrá kan tí wọ́n kọ August sí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Ògún nìyẹn. Mo bẹjú wò ó, mo rí ìwé bàbá rẹ ti Àbíjàn níbẹ̀, èyí tó ní àmì ọ̀pẹ lórí. Mo ní ta ló sọ fún un pé Ògún ni ìwé yìí? Juliet ní kò sẹ́ni tó sọ fún un, pé Faransé ni wọ́n kọ sára ìwé náà, ẹ̀rọ sì ka Faransé náà. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo dìde. Ọmọ mi, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Wọ́n kò gbọ́ Faransé ní ilé yìí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, òun nìkan ló gbọ́ ọ, àfi ìkíni kan ṣoṣo tó kọ́ mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo fi kí ẹ̀rọ náà. Mo ní bọ́ńjúù. Kò dáhùn, mo rò pé ojú ń tì í nítorí àlejò.

Ìyá Mildred ti fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti so ọ̀já rẹ̀ le. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nínú ìjọ, bí ẹnì kan bá ṣàdédé sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, a mọ iṣẹ́ ẹni tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni náà á kọ́kọ́ gbọ̀n, á ṣubú, á yí nílẹ̀, a ó sì rí òógùn lójú rẹ̀. Ó ní èyí kò gbọ̀n, kò ṣubú, kò làágùn, ó kàn dákẹ́ ó ń ka Faransé, nítorí náà kí a dán ẹ̀mí náà wò kí a tó gbà á. Ó gbé ìgò omi àdúrà jáde nínú báàgì. Juliet da ara bo ẹ̀rọ náà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ da omi lé e kó da á lé òun. Ìyá Mildred sì da á lé e.

(Ó dà á lé mi lóòótọ́, Bùrọ̀dá. Orí mi tutù wẹ̀lẹ̀ wẹ̀lẹ̀. Ó tún ní ẹ̀mí ìgbéraga ló ń jáde lára mi. Mo lọ sunkún nínú balùwẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wá mi wá, ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń wò.)

Èyí tó tún bù mí láyà ni ìwé ẹ̀rọ ìfúnpo wa àtijọ́, èyí tí àwọn ará Jámánì ṣe. O ya fọ́tò ìyẹn náà. Ẹ̀rọ rẹ gbé e lọ sí yàrá Ẹrẹ́nà. Juliet fi ọ̀rọ̀ Jámánì náà hàn mí, ó ní àmì méjì lórí bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní ó kúkú jọ tiwa, àwa náà ní àmì, tiwa ló wà lẹ́sẹ̀, tiwọn ló wà lórí. Ọkàn mi wá balẹ̀ díẹ̀. Mo ní bó bá mọ ti Faransé tó mọ ti Jámánì, tiwa tó bá a nínú ilé ni kò ní mọ̀?

A lọ sí yàrá Òkúdù, èyí tí wọ́n kọ June sí, láti gbé orin. Òfìfo ni. Kò sí orin, kò sí ohunkóhun. A lọ sí èyí tó ṣíwájú rẹ̀, a lọ sí èyí tó tẹ̀lé e. A wá gbogbo yàrá tó wà níbẹ̀ pátá. Bàbá rẹ kò sí níbì kankan. Ìyá Mildred ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin òkú. Èmi ti gbé ọwọ́ lérí. Mo rántí bí wọ́n ṣe wá sọ fún mi ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó sì rí fún mi bí ẹni pé mo tún ń gbọ́ ọ.

Juliet ló rí ibì kan nísàlẹ̀ pátápátá, ó jìnnà sí àwọn yàrá oṣù bí ẹ̀yìnkùlé ṣe jìnnà sí pálọ̀. Ó ní ohun tí o kọ síbẹ̀ ni pé àwọn tí a kò mọ ọjọ́ wọn. Ó ṣí i. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ Ayọ̀bámi tí a ṣe ní Bélú wà níbẹ̀. Fọ́tò ẹ̀gẹ́ tí a wú ní Igbe wà níbẹ̀. Ìgbà tí a kun ibojì ìyá bàbá rẹ ní Ṣẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Orin bàbá rẹ wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn, Òkúdù tí Juliet kọ sára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbangba bí ojú ọjọ́.

N kò ní purọ́ fún ọ, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yìn ọ́. Mo ní Dámiláre kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí àlejò bá wọlé, ta ni a ń gbé àga fún? Àlejò ni. Ọmọ onílé á dìde, á lọ dúró síta títí wọn á fi jẹun tán. Ẹ̀rọ yìí ti gbé Faransé jókòó, ó ti gbé Jámánì jókòó, ó wá ní kí àwa onílé ṣe sùúrù díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Mildred gan-an gbà pé ọmọlúàbí ni, ó fi omi àdúrà rẹ̀ padà sí báàgì. Mo wá ní kí Juliet bá mi kí i pé ó ṣeun, àwọn àlejò ti jẹun tó, kó jẹ́ ká wọlé.

Juliet ní kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ̀ wá ni. Ó ní bó ṣe ń wo Òkúdù yẹn, bí ẹni ń wo èérí ni. Ó wá ka ọ̀rọ̀ pupa kan tó wà lórí ẹ̀yìnkùlé náà fún mi, ó ní ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀, pé ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ títí oṣù fi parí, ẹ̀rọ yóò gbá a dànù.

Dámiláre. Gbá a dànù.

Mo ní kó gbé bàbá rẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ó gbé e, ó fi sí yàrá Òkúdù. A mí kanlẹ̀. Ìyá Mildred kọ halelúyà. Ká tó ṣe àmín, ẹ̀rọ ti gbé e padà sẹ́yìnkùlé. Ojú mi ló ṣe. Juliet tún gbé e wọlé, ó tún gbé e jáde. Bí ẹni tí wọ́n ń lé kúrò ní ilé tó kọ́ ni. Orin tó sì ń kọ níbẹ̀ ni pé onílé kì í kanlẹ̀kùn pẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé mo di ẹ̀rọ náà mẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, a gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan, Vincent, tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdọ̀tí ló pọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, pé òun á nu gbogbo rẹ̀ kúrò, á wá dà bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Mo ní kí ló fẹ́ nù? Ó ní gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo já ẹ̀rọ náà gbà kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ife tíì rẹ̀ sì dà. Ó ní Màmá, ẹ fara balẹ̀, èdè tí ẹ kọ yẹn kì í ṣe èdè kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé oṣù wo ni ìyá rẹ̀ bí i. Ó ní September. Mo ní kí ni ìyá rẹ̀ ń pe oṣù náà? Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Mo ní kó bá mi kí àwọn tó kù lẹ́yìnkùlé, pé òun gan-an ti pẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Vincent yìí sọ ohun kan kí a tó kúrò, Juliet sì ti gbá a mú bí ẹni rí ẹran. Ó ní kò le rárá, kí a kàn pa Òkúdù rẹ́ lára orin náà, kí a kọ June sí i, ẹ̀rọ á ṣílẹ̀kùn fún un lójú ẹsẹ̀. Juliet ní kódà bí a bá kọ ọ́ ní Faransé, á ṣí i. Mo ní rárá. Juliet ní kí ló dé? Mo ní rárá.

(Bùrọ̀dá, mo binú débi pé mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni June. Mo sọ fún Màmá pé ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé a tàn án. A dé Erinje. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun tó fẹ́ sọ fún yín báyìí. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi.)

Gbọ́ ìdí rẹ̀. Mákánjúọlá ni wọ́n sọ bàbá rẹ. Ìgbà tó dé oko ọ̀pẹ ní Àbíjàn, ọ̀gá wọn ní ahọ́n òun kò lè gbé e, pé ẹni tí òun kò bá lè pè, òun kò ní lè kọ ọ́ mọ́ àwọn tó ń gbowó oṣù. Bàbá rẹ dúró sẹ́nu géètì oko náà títí ebi fi fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú. Níkẹyìn ó ṣí Bíbélì, ó mú Philemon, wọ́n sì ṣí géètì. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, òun wo ẹ̀yìn, òun ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Ìgbà tó padà wálé, ó ti mọ́ ọn lára, gbogbo ayé ti ń pè é ní Philemon, ṣùgbọ́n ó búra pé ohun tó kù lọ́wọ́ òun, òun kò ní pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fún un ní pátákó ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì láti máa kọ, kò kọ oṣù òyìnbó sí i rí. O mọ wàhálà tí ó dá sílẹ̀. Lọ́dún kan ó kọ ọ́ pé ìkórè wà ní Bélú, ìdajì ìjọ kò wá, wọ́n ní àwọn rò pé Bélú ni orúkọ oníwàásù tí a pè, àwọn kò sì mọ̀ ọ́n. Wòlíì bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí wọ́n kọ́ oṣù, pé oṣù kò ju méjìlá lọ.

Nítorí náà bó bá jẹ́ géètì ẹlòmíràn ni, bàbá rẹ ti yí orúkọ padà ná kí wọ́n tó ṣí i fún un, ebi ló fà á. Ilé tirẹ̀ ni èyí. Orí àpótí aṣọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wà. N kò ní jẹ́ kó tún yí orúkọ padà nítorí àtiwọlé ara rẹ̀.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ, Dámiláre, ni pé ìwọ lo kọ́ ẹ̀rọ yìí. Juliet ń gbèjà rẹ. Ó ní bóyá ìwọ kọ́, bóyá àwọn kan níbòmíràn ló ti kó oṣù àwọn ará ayé jọ tí wọn kò ka tiwa mọ́ ọn, tí ìwọ kàn gbà á lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dára, wọn kò mọ̀. Ìwọ ńkọ́? Èjìká bàbá rẹ ni o máa ń wà níwájú pátákó náà, ẹsẹ̀ rẹ kún fún ẹrọ̀fọ̀, ó ń kọ ọ́, ìwọ ń pè é. O mọ Ọ̀wàrà kí o tó mọ ọ̀nà ilé. Ṣé o rí i pé wọn kò ka tiwa sí i nígbà tí o ń gbà á? Bí o bá rí i, kí ni o sọ fún wọn? Dá mi lóhùn lórí èyí, má sọ pé o wà ní mítíìnì.

Mo ti pa ẹ̀rọ náà. Mo gbé Bíbélì lé e lórí. Juliet ní tó bá ti kú báyìí kò lè gbá nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ṣí i fún ìrántí, oṣù á ti parí, ọwọ́ á kọ́kọ́ kan ìgbálẹ̀ kó tó kan ohunkóhun. Nítorí náà kí oṣù yìí tó tán, fi òmíràn ránṣẹ́ sí wa, èyí tí o ti kọ́. Mo ní kí Juliet kọ wọ́n síbí kí o má baà ní o gbàgbé. Ṣẹ́rẹ́, Èrèlè, Ẹrẹ́nà, Igbe, Èbìbí, Òkúdù, Agẹmọ, Ògún, Ọ̀wẹ́wẹ̀, Ọ̀wàrà, Bélú, Ọ̀pẹ. Kọ́ ọ dáadáa. Bó bá ṣorí kunkun, má lù ú.

Bí o bá sì rí nǹkan lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún ìrántí. Ìrẹsì, àbẹ́là, àti epo jẹnẹrétọ̀ tí a ó fi gbé gbohùngbohùn. Bàtà Juliet náà ti já. Bánkì ni kí o fi í sí, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́sí, ọmọbìnrin kan bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi, mo ní àárọ̀ ọjọ́ tí odò kún wọ ọjà ni. Ó ní ẹ̀rọ àwọn kò gba èyí, ó fún mi ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Láti ìgbà náà, bí ọdún tuntun bá ti dé, wọ́n á kí mi lórí fóònù pé mo kú ọjọ́ ìbí, n kò sì fẹ́ kí inú wọn bàjẹ́, mo máa ń se nǹkan díẹ̀. Mo rò pé oore ni wọ́n ṣe mí. Láti ọjọ́ Ìsinmi, n kò mọ̀ bóyá oore ni mọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ibi tí o bá dé, wọ́n á pe orúkọ rẹ bí a ṣe sọ ọ́. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn kò ní pẹ́ kó tó ṣí. O kò ní di ẹni ẹ̀yìnkùlé ní ilé ẹnikẹ́ni, àwa náà kò sì ní di ẹni ẹ̀yìnkùlé ní ilé tìrẹ. Ayọ̀bámi á sin ọ́, á sì mọ ibi tí o ti wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Janet Mákánjúọlá.

(Bùrọ̀dá, Màmá ti lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo, èmi nìkan ló kù. Nǹkan kan wà tó ní kí n má kọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kó tó pa ẹ̀rọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. A kò gbọ́ ọ dé òpin rí, ìgbà tí orin bá ti tán a máa ń pa á. Lọ́jọ́ náà ọwọ́ mi kò yá. Orin tán, ariwo àga ń lọ, àwọn ènìyàn ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá wá wí lẹ́bàá fóònù náà, pẹ̀lú ẹnu Ìkálẹ̀ rẹ̀, ó bi Kingsley pé ṣé fóònù yìí ni Dámiláre máa ń pè sí, ṣé ó pè nígbà tí òun ń kọrin. Kingsley ní kò pè. Bàbá ní kò burú, á pè. Ó tán síbẹ̀. Màmá pa ẹ̀rọ, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn náà, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, n ó kọ ọ́ síbí náà. Nígbà tí Màmá lọ sóko, mo gbé Bíbélì kúrò, mo ti orin náà sínú fóònù mi. Kò ní sọnù mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má sọ fún un. Kì í ṣe pé orin sọnù ló ń dùn ún gan-an.

Mo fi orin náà ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú fọ́tò lẹ́tà yìí. Mo fẹ́ kọ June sí i kó lè tètè rí ibi jókòó nínú ẹ̀rọ tiyín. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo pa á rẹ́. Òkúdù ni mo kọ sára orin, Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni mo kọ sára lẹ́tà. Nítorí náà bí ẹ kò bá rí wa nínú pálọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga, kí ẹ wá wò wá lẹ́yìnkùlé kí oṣù tó parí. Ibẹ̀ la wà, èmi àti Màmá àti Bàbá.)